Oúnjẹ Tí À Ń Dà Nù: Òfin Tuntun, Owó Tó Ń Sọnù àti Ohun Tí Olóúnjẹ Lè Ṣe

Lójú ìwé òwò wa lónìí, ọ̀rọ̀ bíìnì la fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bíìnì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín ti ní òfin tirẹ̀ báyìí, owó tó sì ń gba inú rẹ̀ jáde lọ́dọọdún lè tó rẹ́ǹtì oṣù mélòó kan.

Ohun tí òfin sọ

Ìjọba ilẹ̀ England gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Simpler Recycling. Inú òfin àyíká tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe lọ́dún 2021, ìyẹn Environment Act, ló ti jáde. Láti ọjọ́ 31 oṣù March ọdún 2025, ó ti di dandan fún gbogbo ibi iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ya pàǹtí oúnjẹ sọ́tọ̀. Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ bá ike, agolo, ìgò àti páálí pọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú àpò dúdú tí a máa ń kó gbogbo nǹkan sí. Hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, gbogbo wọn lọ̀rọ̀ kàn. Òfin náà kò sọ pé ó dìgbà tí pàǹtí bá pọ̀. Kódà ọ́fíìsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán gbọ́dọ̀ wá ibi tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò máa lọ.

Àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 10 ni ìjọba fún láàyè sí i: ọjọ́ 31 oṣù March ọdún 2027 ni ọjọ́ tiwọn. Púpọ̀ nínú wa ló wà ní ìpín yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbi ìṣirò. Kì í ṣe orí ènìyàn ni òfin ń kà, iye wákàtí iṣẹ́ ló ń wò: ẹni méjì tí kálukú ń ṣe ààbọ̀ iṣẹ́ jẹ́ ẹyọ òṣìṣẹ́ kan. Bákan náà, ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù méjì, ọ̀kan ní Barking, ọ̀kan ní Dagenham, kò lè ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àpapọ̀ òṣìṣẹ́ òwò náà ni wọn yóò kà.

Environment Agency ló ń mójú tó òfin náà. Wọ́n lè kọ̀wé sí ẹni tó bá rú u pé kó tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe láàárín àkókò kan. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí ìwé yẹn ti ṣẹ̀ sí òfin ìlú nìyẹn.

Nílé, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Níbí, èèwọ̀ ni

Àwọn bàbá wa ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nílé, ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àwo àgbà, ti ọmọdé ni. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti ewúrẹ́ ni. Èèrí tó kù nínú asẹ́ nígbà tí a bá sẹ́ ògì tán, ẹran ọ̀sìn ló ni ín. Egungun, ti ajá. Èyí tó bá tún kù á dé ààtàn, òjò àti oòrùn á sì sọ ọ́ di ilẹ̀ dúdú tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́. Kì í ṣe pé ọmọ Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń tọ́jú àṣẹ́kù. Ọ̀nà tí a mọ̀ nílé ni kò ṣe é tọ̀ níbí.

Àwọn kan ti bi wá léèrè pé, ṣé a kò lè kó èèpo iṣu wa fún ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìẹ? Rárá o. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún 2001, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹran ọ̀sìn nílẹ̀ Britain. Ibi tí ìjọba gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni oko ẹlẹ́dẹ̀ kan ní Heddon-on-the-Wall, ní àríwá England, níbi tí wọ́n ti ń fi àjẹkù oúnjẹ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran tó lé ní mílíọ̀nù 6 ni wọ́n pa kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ní oṣù May ọdún yẹn ni ìjọba fòfin de fífi àjẹkù ilé ìdáná bọ́ ẹran ọ̀sìn, òfin náà sì wà títí di òní. Ohun tó bá ti gba inú ilé ìdáná tí wọ́n ti ń se ẹran kọjá, ìbáà jẹ́ èèpo iṣu tí ọbẹ̀ kò kàn rárá, kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn tàbí adìẹ, títí kan adìẹ méjì tí ẹ ń sìn sí ẹ̀yìnkùlé.

Ibi tó ń lọ kò jìnnà sí wa

Bí ewúrẹ́ kò bá lè jẹ ẹ́, ta ni yóò wá jẹ ẹ́? Ìdáhùn wà ládùúgbò wa. Ní Dagenham Dock, létí odò Thames, ní agbègbè tí Ford ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe mọ́tò lọ́dún 1931, ọgbà iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ London Sustainable Industries Park. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ReFood ṣí ibùdó kan sí lọ́dún 2017, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 160,000 pàǹtí oúnjẹ lọ́dún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wa mọ́tò kọjá nítòsí ibẹ̀ lórí A13 láìmọ ohun tó ń lọ nínú àwọn táǹkì ńlá yẹn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ yọ ike àti náílọ́ọ̀nù kúrò lára oúnjẹ, á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á gbé e kaná títí yóò fi gbóná dé dígírì 70 fún wákàtí kan, kí kòkòrò àrùn lè kú. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Nínú òkùnkùn yẹn, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, gáàsì á sì máa jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti rẹ ògì tàbí fùfú rí mọ bí nǹkan ṣe ń hó fúnra rẹ̀ láìsí iná. Ìbátan rẹ̀ lèyí. Wọ́n á fọ gáàsì náà mọ́, wọ́n á sì tì í sínú páìpù gáàsì tó ń lọ sí ilé àwọn ènìyàn. Omi ṣìkọ̀ tó kù nínú táǹkì, ajílẹ̀ ni fún àwọn àgbẹ̀. Ìyẹn ni pé àjẹkù ìyán lè padà wá di iná tí a fi ń se iyán mìíràn.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan nìyí. Ní Ìbàdàn, Dr Joseph Adelegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ láti fi ọ̀nà kan náà sọ ẹ̀gbin odò ẹran Bódìjà di gáàsì. Wọ́n sọ ètò náà ní Cows to Kilowatts, ó sì gba ẹ̀bùn SEED lágbàáyé lọ́dún 2005.

Bí oúnjẹ bá sì wà nínú àpò dúdú tó lọ sí ààtàn ńlá, tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, gáàsì kan náà á jáde, ṣùgbọ́n ó lè lọ sójú ọ̀run láti ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń gbowó orí lórí ohun tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀. Nígbà tí owó orí yẹn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù October ọdún 1996, £7 ni lórí tọ́ọ̀nù kan. Ní oṣù April ọdún 2025, ó ti di £126.15. Àwọn tó ń kó pàǹtí kì í san án lápò ara wọn. Inú owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Òróró kì í ṣe omi

Ohun mìíràn tó ń ná àwọn olóúnjẹ lówó ni páìpù. Oúnjẹ wa fẹ́ràn epo: ọbẹ̀ ata díndín, àkàrà, dòdò, ẹja díndín. Òróró gbígbóná ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n tó bá dé inú páìpù tútù nísàlẹ̀ ilẹ̀, á dì bí ọṣẹ. Lọ́dún 2017, ní Whitechapel, tí kò jìnnà sí wa, àwọn òṣìṣẹ́ Thames Water rí òkìtì ọ̀rá kan nínú páìpù ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ tó gùn tó mítà 250, tó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fi han àwọn ènìyàn ní Museum of London lọ́dún 2018. Ọwọ́ ẹnì kan kọ́ ló kó o jọ. Díẹ̀díẹ̀ láti ilé dé ilé àti láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ni.

Òfin omi ọdún 1991, Water Industry Act, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti da ohun tó lè dí ọ̀nà omi sínú páìpù ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá tọpa ọ̀rá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ̀yin lẹ ó sanwó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi páìpù lọ ẹni tó mọ̀ ọ́n kó bá yín fi ẹ̀rọ agbọ́ràá tí wọ́n ń pè ní grease trap sí i, kí ẹ sì máa jẹ́ kí wọ́n kó o mọ́ déédéé. Èyí tó kún kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí. Òróró tí ẹ ti fi dín nǹkan, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á padà sínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Àwọn kan wà tó ní ìwé àṣẹ láti máa kó o lọ, tí wọ́n ń fi ṣe epo mọ́tò. Wọ́n lè kó o lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó lé e.

Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n máa ń tà fún ilé oúnjẹ, tó ń lọ àjẹkù lábẹ́ síǹkì kó lè bá omi lọ. Ní Scotland àti Wales, òfin kò gbà kí ibi iṣẹ́ máa da pàǹtí oúnjẹ sínú páìpù ìdọ̀tí mọ́. A kò gba ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan níyànjú láti náwó lé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dà á nù

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Kó tó di pé a ń wá ẹni tí yóò kó pàǹtí, ó yẹ ká bi ara wa pé kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ WRAP, tó ń ṣèwádìí lórí pàǹtí nílẹ̀ yìí, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2013 nípa hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti irú wọn. Wọ́n rí i pé tọ́ọ̀nù 920,000 oúnjẹ ni àwọn ibi yìí ń dà nù lọ́dún, àti pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni ì bá ti di jíjẹ. Nínú gbogbo rẹ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ń wá láti ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ, ìdá 34 láti inú àwo oníbàárà, ìdá 21 sì jẹ́ èyí tó bàjẹ́ kí wọ́n tó lò ó.

Ẹ lè mọ tiyín láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ ra garawa mẹ́ta. Ọ̀kan fún èèpo àti ohun tó kù níbi tí ẹ ti ń se oúnjẹ. Ọ̀kan fún ohun tó bàjẹ́. Ọ̀kan fún ohun tí oníbàárà fi sílẹ̀. Lálẹ́, kí ẹ tó dà wọ́n nù, ẹ gbé wọn lé òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri.

Garawa kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ. Bí ti èèpo bá wúwo jù, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń bẹ iṣu. Èèpo tó nípọn, iṣu ni, iye tí a sì ń ra iṣu Gánà tàbí ti Nàìjíríà níbí kò kéré. Bí ti èyí tó bàjẹ́ bá wúwo, ẹ wo fìríìsà àti ọ̀nà tí ẹ ń gbà rajà: ṣé ẹ ń ra tuntun kí ti àtijọ́ tó tán? Ẹ kọ ọjọ́ sára nǹkan, kí ti àkọ́rà sì máa wà níwájú. Bí ti àwo bá wúwo, òkèlè yín ti tóbi jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń bu oúnjẹ bí ẹni pé ìtìjú ni kí àwo má kún. Ẹ ṣe ìwọ̀n méjì, ńlá àti kékeré, kí owó wọn yàtọ̀. Kò sí oníbàárà tí yóò bínú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé oúnjẹ kan ń da kílò 10 nù lójoojúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún. Tọ́ọ̀nù 3 nìyẹn. Ká ní ìdajì rẹ̀ ni ì bá ti di jíjẹ, tí kílò kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ná yín ní £2 péré, pẹ̀lú gáàsì àti iṣẹ́ ọwọ́. £3,000 ló ti bá bíìnì lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ ó tún sanwó kí wọ́n tó bá yín gbé e kúrò.

Ti òde àríyá

Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ òde, tiyín tún le jù. Olórí ayẹyẹ á ní ènìyàn 300 ń bọ̀, 200 á dé. Wọ́n á pe aago mẹ́rin, àlejò á dé ní aago méje. Oúnjẹ tó yẹ kó gbóná gbọ́dọ̀ wà ní dígírì 63 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kúlà tí a ń ṣí pa, ṣí pa, kò lè gbé e títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìrẹsì ló léwu jù. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ni pé kí ìrẹsì tí a bá fẹ́ tọ́jú tutù láàárín wákàtí kan, kó wọ fìríìjì, ká sì jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Nítorí náà, ìrẹsì tó ti wà nínú kúlà láti ọ̀sán, tí a wá dì sínú ike ní aago mọ́kànlá alẹ́ fún ìyàwó pásítọ̀, kì í ṣe ọrẹ mọ́.

Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni kí ẹ kọ iye ènìyàn sínú àdéhùn, kí ẹ sì gbé oúnjẹ jáde ní ìpele-ìpele. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn wà nínú fìríìjì títí ẹ ó fi rí i pé wọ́n nílò rẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni gbọ̀ngàn kí ẹ tó gba iṣẹ́: ta ni yóò kó pàǹtí? Bí ẹ̀yin bá ni, ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ ń gbà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ní òun yóò bá yín gbé e

Bíìnì ilé kì í ṣe ti òwò. Ẹni tó ń se oúnjẹ tà láti ilé ìdáná ilé rẹ̀ ní Becontree, pàǹtí òwò ni tirẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wà nínú bíìnì tí káńsù fún ìdílé. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni tó kàn ní fáànù tó sì ní òun yóò gbé e ní £20. Òfin ọdún 1990, Environmental Protection Act, sọ pé ẹni tó ni pàǹtí gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni tó gbé e ní àṣẹ. Orúkọ àwọn tó ní àṣẹ wà ní gbangba lọ́dọ̀ Environment Agency, ọ̀fẹ́ ni láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá bá àpò yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù yín wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni wọn yóò wá bá. Ẹ gba ìwé ìfipàǹtí-lélẹ̀ tí wọ́n ń pè ní waste transfer note, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹni tí káńsù bá bi léèrè tí kò rí i fi hàn lè san £300.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ bèèrè nǹkan wọ̀nyí:

- Ṣé iye bíìnì ni wọ́n ń gba owó lé lórí, àbí bó ṣe wúwo tó?
- Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọn yóò máa wá lọ́sẹ̀? Nígbà ooru, ẹ̀ẹ̀kan lè má tó nítorí eṣinṣin àti eku.
- Ṣé wọ́n ń gba egungun, ewé mọ́ínmọ́ín, àti oúnjẹ tó ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù? Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á.
- Ọdún mélòó ni àdéhùn náà, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá gbàgbé láti kọ̀wé fi í sílẹ̀?
- Ibo ni wọ́n ń kó o lọ?

Ìmọ̀ràn wa tó kẹ́yìn nìyí. Ṣọ́ọ̀bù kan tó ń da garawa kan nù lójúmọ́ kò ní ohùn níwájú ilé iṣẹ́ akópàǹtí. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tó wà lórí ìlà kan náà, olóúnjẹ, aláṣẹ̀ẹ́tà ẹran, onífúráìsì àti ẹni tó ń ta èso, bá jọ lọ bá ilé iṣẹ́ kan, mọ́tò ẹ̀ẹ̀kan ni yóò kó gbogbo wọn, owó á sì dínkù. Ọgbọ́n àárò àti ọ̀wẹ̀ tí àwọn bàbá wa fi ń ṣiṣẹ́ oko náà ni. Kí ẹ tó lọ, kí kálukú ti wọn tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó mọ iye tó ń dà nù. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí alábàárù rẹ́ ẹ jẹ.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí òwò wa gbèrú. A ó tún máa pàdé lójú ìwé yìí.